Pátákó Alága Wàhábì

A kì í bí pátákó tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí pátákó tó ń rìn, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ohun tó mu fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba ọ̀nà Ṣakí dé Òkè-Àgbẹ̀dẹ rí, ẹ ó jẹ́rìí mi pé pátákó kan wà níbẹ̀ tó mọ ìrìn-àjò ju àwọn ọlọ́kadà lọ. "Ẹ káàbọ̀ sí Òkè-Àgbẹ̀dẹ, Ìlú Ìtẹ̀síwájú" ni wọ́n kọ sí i lára. Àwòrán Alága káńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun ju èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an lọ. Ẹnu ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ ri pátákó yìí mọ́. Kò pẹ́, ó ti kúrò lẹ́nu ìlú, ó ti dé oko àgbàdo. Ó tún dìde níbẹ̀, ó bọ́ sí abẹ́ àwọn igi kajú. Nígbà tó yá, ó wọ́dò, ó gòkè odò Ìgbín, ó dúró sí àárín ọjà Oníyangí, ó wá ń kí àwọn ọlọ́jà káàbọ̀ sí ìlú tí wọn kò lọ.

Ẹni tó ń gbé pátákó náà rìn ni Alága fúnra rẹ̀, Alhaji Wàhábì Àjàdí. Bí ẹ bá pè é ní Wàhábì lásán, ẹ ti bú u nìyẹn. Ọlọ́lá jù lọ, Ẹnjiníà, Alhaji, Olóyè Wàhábì Àjàdí, Ẹkùn Òkè-Ògùn, Afẹ̀-bí-òfuurufú ni ẹ gbọ́dọ̀ pè é, kí ẹ sì mí díẹ̀ láàárín. Ti Ẹnjiníà yẹn, ẹ má bi mí púpọ̀. Ó ti bá ẹnì kan tún rédíò ṣe rí ní Ìsẹ́yìn, títí iná fi mú un tó pa iṣẹ́ náà tì.

Ìyápọ̀ ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yin Alága kí àárẹ̀ má baà mú Alága níbi tó ti ń yin ara rẹ̀. Bí Alága bá sín, Ìyápọ̀ á dìde fùú.

"Òkè-Ògùn ti sín o!"

Gbogbo òṣìṣẹ́ káńsù á sì dáhùn pé, "Kó máa sín lọ!" Ẹni tí kò bá dáhùn sókè, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń palẹ̀ pàǹtírí mọ́. Ẹ̀ka yìí nìkan ló kún fún olóòótọ́ èèyàn nínú gbogbo káńsù náà.

Ohun tí Alága ń wá lọ sí Oníyangí kò fara sin. Abúlé kékeré ni, káńsù mìíràn ló sì ni ín, èyí tó jìnnà sí i tí alága ibẹ̀ kì í tètè jí. Ṣùgbọ́n ọjà Oníyangí tóbi ju abúlé náà lọ. Lọ́jọ́ ọjà, iṣu á ti Ìgbòho wá, gaàrí àti kajú á ti Ìwéré-Ilé wá, àwọn ará Ìgbẹ́tì á kó ẹ̀wà dé, àwọn Bororó á da màlúù wọlé. Òkè-Àgbẹ̀dẹ náà kọ́ ọjà tirẹ̀, ìsọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ọ̀dà kùn rekete, Alága fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ló ń ná ọjà náà, wọn kì í sì í rà. Ni Alága bá pinnu pé bí ọjà kò bá wá bá òun, òun á lọ bá ọjà. Ìgbìmọ̀ tó ń yanjú ọ̀rọ̀ ààlà ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Bí wọ́n bá lè gbà pé abẹ́ rẹ̀ ni Oníyangí wà, kíá ni yóò kó ọjà náà wá sínú ìsọ̀ tirẹ̀. Àwọn ará Oníyangí sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ọjà bá lọ, abúlé tú nìyẹn.

Mùyìbátù, ìyálọ́jà wọn tó ń ta òrí, lọ bá Alága ní káńsù. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó kí i, ó ní, "Alága, pátákó yín ti wọ inú ọjà wa o. Ibi tó dúró sí gan-an ni mo ti ń patẹ tẹ́lẹ̀."

Alága dìde kó lè fèsì, nítorí kì í jókòó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. "Ìyá, pátákó lẹ̀ ń wò ni? Èmi ò rí pátákó o! Ìmọ́lẹ̀ ni mo rí! Òkùnkùn ló wà ní Oníyangí kí n tó dé. Ẹ̀ ń tajà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀ ń tajà. Èmi ni mo wá là yín lójú!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" ni Ìyápọ̀ wí, ó sì fi aṣọ nu ojú bí ẹni tó ń sunkún.

Mùyìbátù wò wọ́n, ó gbọn ìsàlẹ̀ ìró rẹ̀, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì ni Alága tún ṣe òfin kan lé òfin. Níwọ̀n ìgbà tí pátákó ti ń kí àwọn èèyàn káàbọ̀, ìwà àìmoore ni kí wọ́n kọjá láìdáhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kó sọ pé, "Ẹ ṣé, Alága." Ó fi ẹ̀ṣọ́ kan síbẹ̀ kó máa tẹ́tí. Ọkùnrin Bororó kan da màlúù kọjá, ẹ̀ṣọ́ dá a dúró pé màlúù kò tíì dáhùn. Wọ́n jọ dúró sínú oòrùn títí màlúù kan fi ké, ẹ̀ṣọ́ sì gbà pé ó ti dúpẹ́.

Ibẹ̀ ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Pátákó kan ló wà nínú rẹ̀ tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbé bàtà lọ́wọ́, ó ń wọ́dò, ó sì ń bi àwọn ẹja léèrè pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ni Alága yín?" Ẹ̀rín pa gbogbo Ṣakí. Alága nìkan ni kò rí i, nítorí ta ni yóò fi hàn án? Ìyápọ̀ rí i, ó sáré wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ rẹ́rìn-ín, ó sì jáde pẹ̀lú ojú tó le koko. Ọmọbìnrin tó yà á kò kọ orúkọ sí i. Sodiqat ni, ọmọ Mùyìbátù, ayàwòrán tó ń kun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ní gáréèjì Ṣakí. Bó bá ya kìnnìún sí ẹ̀yìn ọkọ̀, awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rọra tẹ bíréèkì.

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé Alága lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n kó àwọn alága káńsù jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ láti kọ́ wọn ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n gbé àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ kọ́ ara ògiri, èyí tí àwọn oníwèé-ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè fi ń bú àwọn aláṣẹ wọn nígbà tí wọ́n ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ kiri. Ọ̀kan nínú wọn mú Alága lójú. Òyìnbó kan ló jókòó sídìí tábìlì, ikùn rẹ̀ rí bí ìkòkò omi, akoto wà lórí rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ odidi kan ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ nínú abọ́, tòun ti odò àti òkè, ó sì ń gé e jẹ bí iṣu. Àwọn onílẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn kò ju ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n na ọwọ́ òfìfo sókè, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀.

Àlàyé wà lábẹ́ àwòrán náà. Alága ìbá kà á, ṣùgbọ́n òórùn ìrẹsì ti ń ti ilé oúnjẹ bọ̀, ẹ ò sì lè retí kí ọlọ́lá máa ka nǹkan lórí ìdúró. Ó wo bí wọ́n ṣe ya òyìnbó náà gàgàrà tí wọ́n sì ya àwọn yòókù kín-ń-kín, ọkàn rẹ̀ sì kún. Ara ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ àgbà ni ọkàn rẹ̀ lọ, níbi tí àwọn agbẹ́gilére ti gbẹ́ ọba lórí ẹṣin, tó tóbi ju ẹṣin lọ, tí àwọn ẹrú àti ìwọ̀fà kò sì ga tó ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yẹ́ni sí nílé wa nìyẹn. Ẹni tó tóbi lẹni ọlá. Kò tún bi ẹnikẹ́ni. "Áà," ló wí, "àwọn òyìnbó náà mọ iyì èèyàn." Ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò rẹ̀.

Bó ṣe délé, ó ránṣẹ́ pe Sodiqat. Ó mọ̀ pé ọmọ Oníyangí ni, ìyẹn gan-an ló sì dùn mọ́ ọn. Ó fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ abúlé tó gbà ni yóò ya àwòrán ẹni tó gbà á. Ògiri káńsù tó kọjú sí gáréèjì Òkè-Àgbẹ̀dẹ ló fi hàn án, níbi tí ìgbìmọ̀ kò ti ní lè ṣàì rí i. Sodiqat kúnlẹ̀ kí i, ó gba fóònù, ó wo àwòrán náà títí.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ya èyí ń sọ?"

"Kí ni mi ò mọ̀? Èmi Wàhábì?"

"Ohun tí Alága ò bá mọ̀, Ọlọ́run ò tíì dá a!" ni Ìyápọ̀ wí, ó sì yára tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́nú.

"Ó tì o, sà, èmi ò fẹ́ kí ẹ padà wá bá mi wí ni. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n—"

"Dákẹ́! Gbogbo ẹ̀ ni kó o yà. Yọ òyìnbó kúrò, fi mí síbẹ̀. Yọ akoto, fi fìlà abetí-ajá mi sí i. Ikùn yẹn kéré, fi kún un."

"Àwọn tó jókòó sílẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Má yọ ẹnì kankan. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé mo ga bí kò bá sẹ́ni tó kúrú?"

"Iṣu náà ńkọ́?"

Alága ronú. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ronú. "Kọ Oníyangí sí i lára," ló wí, "kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀."

Ìbínú ń ru nínú Sodiqat, ẹ̀rín sì ń pa á, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ jáde. Ó tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni màá yà á, sà. Mi ò ní fi nǹkan kan kún un, mi ò sì ní yọ nǹkan kan kúrò."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ń kùn ún, níwájú gbogbo ayé. Ikùn Alága gba ìdajì ògiri. Wọ́n rí òrùka lára ìka rẹ̀, wọ́n rí òógùn imú rẹ̀, wọ́n rí iṣu tó ti gé dé ìdajì, ó sì ku bíńtín kí ọ̀bẹ dé ibi tí wọ́n kọ "Oníyangí" sí. Lábẹ́ tábìlì, àwọn èèyàn na ọwọ́ sókè, kò sí èérún kan nínú abọ́ wọn. Àwọn èrò gáréèjì ń fi ọwọ́ gbá itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alága jókòó sínú jíìpù rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ṣáà ti pẹ́ tí inú wọn ti dùn sí òun báyìí kẹ́yìn.

Mùyìbátù náà wá wò ó. Ó dúró pẹ́ níwájú ògiri, lẹ́yìn náà ó mi orí, ó ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn..." Kò parí rẹ̀. Àwọn tó dúró tì í hùn, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni ìyá yẹn ń sọ?" ni Alága bi Ìyápọ̀.

"Ó ní àgbà ni yín, sà."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń jẹun nílé wa. Bàbá kì í jẹ abọ́ tán. Á ṣẹ́ díẹ̀ kù, àwọn ọmọ tó jókòó tì í á jẹ ẹ́, àwọn náà ni yóò sì gbé abọ́ lọ fọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán pátápátá, ta ni yóò bá a gbé abọ́? Kò sí ọmọdé kan ní gáréèjì yẹn tí kò mọ ìdáhùn. Alága náà mọ̀ ọ́n nígbà kan rí.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dé bọ́ sí ọjọ́ ọjà Oníyangí. Ìyáàfin Olúwafọlákẹ́mi, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣáájú wọn, obìnrin tí kì í pariwo. Alága wọ agbádá tó tóbi débi pé èèyàn méjì ń bá a gbé apá rẹ̀. Ó dúró síwájú ògiri, ó tún ohùn ṣe.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá! Ẹ̀yin àlejò tí oòrùn wa ń ràn fún tìfẹ́tìfẹ́! Wọ́n ní mò ń gba ilẹ̀. Èmi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni rí! Ilẹ̀ ló ń wá mi! Bí mo bá jókòó, ilẹ̀ á rọra sún mọ́ mi. Mi ò fi ìka kan kan Oníyangí. Àwọn fúnra wọn ló ń sunkún pé kí n wá jẹ olórí àwọn!"

"Afẹ̀-bí-òfuurufú!" ni Ìyápọ̀ kígbe.

Ògiri ni Ìyáàfin Olúwafọlákẹ́mi ń wò. "Alága, àwòrán yìí mà ga o. Ta ló ní kí wọ́n yà á báyìí?"

"Èmi ni, Mà! Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo ní kí wọ́n fà á."

"Ẹ bá wa kà á, kó lè yé àwọn tí mo bá wá."

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Alága mí. Ó gba ọ̀pá kan, ó ń fi tọ́ka. "Èmi rèé. Ọ̀bẹ ìtẹ̀síwájú rèé, lọ́wọ́ ọ̀tún mi."

"Iṣu yìí ńkọ́?"

"Oníyangí ni, Mà."

"Ta ló ń gé e?"

"Èmi ni! Kò sí ẹlòmíràn tó lè gé e."

"Ibi tí ẹ ti gé kúrò yìí dà?"

Alága rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó rọrùn. "Mo ti jẹ ẹ́, Mà."

"Àwọn tó jókòó sílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Àwọn ará Oníyangí ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wò mí tayọ̀tayọ̀!"

"Ọwọ́ wọn ṣófo."

"Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọwọ́ mú? Èmi ń jẹ ẹ́ dípò wọn."

Ìyáàfin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Nǹkan bíi ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn, ẹ ní ẹ ò fi ìka kan kàn án," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Báyìí ẹ ní ẹ ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Alága, èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ dé odò Ìgbín. Alága yíjú sí ògiri. Ó wá rí i. Ó rí ọkùnrin abikùn kan tó ń dá iṣu jẹ, ó rí ọwọ́ tí wọ́n nà sókè. Bàbá rẹ̀ wá sí i lọ́kàn, àgbẹ̀ tí kò ní nǹkan, tí kì í jẹ orí ẹja láéláé, tó máa ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ fún Wàhábì kékeré tó jókòó tì í. Ojú tì í, ojú tì í gan-an, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí Ìyápọ̀ lè yìn ín díẹ̀. Ìyápọ̀ ti kúrò níbẹ̀, ó ti dúró sí ẹ̀yìn Mùyìbátù tó wá gbọ́ ẹjọ́ kó tó lọ sọ́jà, ó ń bá a gbé igbá òrí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ààlà," ni ìyáàfin náà wí.

Wọn kò nílò afinimọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí Alága bá ní kí wọ́n hú pátákó, àwọn òṣìṣẹ́ á gé òpó rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ìdí kóńkéré sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n hú kóńkéré. Láti ẹnu ìlú títí wọ oko àgbàdo, títí dé abẹ́ igi kajú, títí gòkè odò, kùkùté kóńkéré tò tẹ̀léra wọn. Orí ọ̀kan ni ewúrẹ́ dúró sí. Orí òmíràn ni obìnrin kan gbé ìkòkò wàrà rẹ̀ lé. Èyí tó kẹ́yìn wà ní àárín ọjà gan-an, pátákó sì wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Olúwafọlákẹ́mi sọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo ọjà. Oníyangí kò kúrò níbi tó wà, ọjà rẹ̀ kò sì ní lọ ibì kan. Pátákó ni yóò padà sí kùkùté àkọ́kọ́, lójú òun, kí òun tó wọkọ̀.

"Ẹ gbé e!" ni Alága pàṣẹ.

Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wo ojú ọ̀run. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀ṣọ́ tó ń gba ìdáhùn lọ́wọ́ màlúù ní òun ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀. Alága tún pàṣẹ, ohùn rẹ̀ ti ń ya. Nígbà náà ni Mùyìbátù gbé ohùn sókè láti ìdí igbá òrí rẹ̀.

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn..."

"Òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé!" Gbogbo ọjà ló parí rẹ̀, àwọn ará Ìgbòho, àwọn ará Ìgbẹ́tì, tó fi mọ́ Bororó náà.

Ọlọ́lá jù lọ bọ́ agbádá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mi pátákó títí ó fi yọ, ó ká fìlà abetí-ajá rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé e rù. Nígbà tó dé odò, omi mù ún dé orúnkún, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sodiqat dúró sí bèbè pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó ti ya àwòrán yìí rí, kò sì ro pé ayé máa bá òun kùn ún báyìí.

Orí kùkùté tó wà lábẹ́ igi kajú ni Alága ti dúró kó lè mí. Ọrùn ń dùn ún. Èrò ọjà ń kọjá lọ sílé, wọ́n ń dúró níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹrí ba fún pátákó tó wà lórí rẹ̀, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Alága," bí òfin ṣe wí.

Mùyìbátù tó ń lọ sí Ṣakí ló kọjá kẹ́yìn. Alága nawọ́ sí i, ọwọ́ òfìfo. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ràn mí lọ́wọ́ dé ẹnu ìlú."

Ìyá náà dúró. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, kò sì rẹ́rìn-ín rárá.

"Alága," ló wí, "ṣé ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa?"

Alága tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ó kọrí sí ìlú.